Akinla: Ta Ló Gba Orin Wa Sílẹ̀?

Tó bá jẹ́ pé inú ọkọ̀ lẹ ti ń gbọ́ wa, ẹ ti earpiece yín bọ etí dáadáa, kẹ́ ẹ sì di fóònù yín mú gírígírí. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀, ẹ máa gbọ́ ọ kí ètò tòní tó parí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan lọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, ní Ìsọlọ̀. Ẹni tó bá mọ Ìsọlọ̀ mọ̀ pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun lọjọ́ ọjà Aswani. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ kì í sáré lójú ọ̀nà yẹn, ńṣe ló ń wọ́ bí ìgbín. Mo wà nínú dánfó tó ń lọ sí Òṣòdì nígbà tí ọ̀rẹ́ mi kan, obìnrin tó ń kọ ohùn áàtò nínú kúáyà kan ní Ọ̀kọ́tà, fi orin kan ránṣẹ́ sí gúrúùpù WhatsApp wa.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé gúrúùpù yìí díẹ̀. Ènìyàn márùn-ún péré ni wá. Kò sí òṣèlú níbẹ̀, kò sí àwòrán òdòdó tí wọ́n kọ "ẹ kú àárọ̀" sí lára. Orin nìkan là ń fi ṣọwọ́ síra wa, àgàgà èyí tí wọ́n ń pè ní kílásíkà: orin fáólìn, orin dùùrù, orin ọ́gáànù, orin kúáyà ńlá. Bí ẹnì kan bá fi ọ̀kan sílẹ̀, ẹlòmíràn á lọ wá ibi tí àwọn olórin mìíràn ti ṣe orin kan náà, a ó wá fi wọ́n wé ara wọn. Ta ló yára jù? Ta ló fẹ̀sọ̀ ṣe é? Ta ló gé ibì kan kúrò? Àwọn ọ̀rẹ́ wa yòókù máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé orin àwọn òyìnbó tó ti kú là ń gbọ́. Ẹ dúró ná.

Orin tó fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà, Akinla lorúkọ rẹ̀. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé òun ti gbọ́ Akinla kan tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n tibí yìí yàtọ̀. Kò pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n wa kan, tó ń tẹ ọ́gáànù ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Mafolúkù, fi òmíràn sílẹ̀. "Ẹ gbọ́ eléyìí náà o, àwo àtijọ́ ni." Ẹnì kẹta wá gbé fídíò kan wá. Kí ọkọ̀ wa tó dé abẹ́ bíríìjì Òṣòdì, Akinla mẹ́ta ló wà lórí fóònù mi, iyàn sì ti gbóná.

Èmi wá béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni wọ́n ti gba ìkọ̀ọ̀kan wọn sílẹ̀?"

Ìdáhùn dé: London. Chicago. London.

Mo tún béèrè: "Ti Èkó ńkọ́?"

Gbogbo gúrúùpù pa lọ́lọ́.

Fẹlá tó ṣáájú Fẹlá

Bí mo bá pe Fẹlá ní Òṣòdì, kò sẹ́ni tí kò mọ ẹni tí mo ń wí. Ṣùgbọ́n Fẹlá kan ti wà ṣáájú. Fela Sowande lorúkọ rẹ̀, ọdún 1905 ni wọ́n bí i. Bàbá rẹ̀ jẹ́ àlùfáà. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ó kọrin nínú kúáyà Cathedral Church of Christ ní Marina, níbi tí T. K. Ekundayo Phillips ti jẹ́ ọ̀gá orin. Ọdún 1914 ni Phillips gba ipò náà, kò sì fi í sílẹ̀ títí di 1962. Ọdún 48 lórí àga kan ṣoṣo! Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wá di àgbà olórin nílẹ̀ yìí, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́.

Ní 1934, Sowande kọjá sí London. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ló lọ kọ́, ṣùgbọ́n ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ dùùrù ní ilé ijó alaalẹ́, ó ń ṣe jáàsì, ó bá gbajúmọ̀ olórin ará Amẹ́ríkà nì, Adelaide Hall, ṣiṣẹ́. Bó ṣe ń ṣe èyí lálẹ́, bẹ́ẹ̀ ló ń kọ́ ọ́gáànù lójú méjèèjì lọ́sàn-án. Ní 1943, ó gba oyè FRCO, èyí tó jẹ́ oyè tó ga jù fún atẹ-ọ́gáànù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ wò ó dáadáa: ọwọ́ tó ń tẹ jáàsì ní ilé ọtí ló ń tẹ Bach ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọdún 1944 ló kọ African Suite. Ohun èlò olókùn àti háàpù ló kọ ọ́ fún, kò sí fèrè, kò sí ìlù kankan níbẹ̀. Apá márùn-ún ló ní. Orin tó wà nínú apá àkọ́kọ́, Ephraim Amu ọmọ Gánà ló ni í, Sowande wá tún un ṣe. Apá karùn-ún, èyí tó gbẹ̀yìn, ni Akinla. Ibo ló ti rí orin ti Akinla? Orin háílíìfù ni! Orin tí àwọn èèyàn ń jó sí lóde àríyá ló gbé lé orí fáólìn, tó sì jẹ́ kí àwọn òyìnbó onítáì tẹ̀ ẹ́.

BBC ló kọ́kọ́ gbé African Suite sáfẹ́fẹ́, sí àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso nílẹ̀ Áfíríkà. Nígbà yẹn, rédíò Èkó kò tíì ní afẹ́fẹ́ tirẹ̀. Láti 1935 ni ìjọba ti ń fa wáyà wọ ilé àwọn èèyàn, wọn á so àpótí kan mọ́ ìparí wáyà náà, ohun tí London bá ń sọ ni àpótí á máa sọ. Àwọn àgbà pè é ní rẹ́dífúṣàn. Orúkọ tó dùn mọ́ mi jù tí wọ́n fún rédíò ni asọ̀rọ̀mágbèsì. Ó ń sọ̀rọ̀ sí ọ, ṣùgbọ́n kò fẹ́ gbọ́ ohun tí o máa fi dá a lóhùn.

Ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn.

Akinla mẹ́ta

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sórí àwọn Akinla mẹ́ta tó wà lórí fóònù mi.

Àkọ́kọ́, èyí tí ẹ̀gbọ́n wa atẹ-ọ́gáànù fi sílẹ̀, ni èyí tí Decca gbé jáde ní London ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Trevor Harvey ló darí àwọn olórin. Ariwo abẹ́rẹ́ gírámáfóònù wà lábẹ́ rẹ̀ bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù. Ẹ̀gbọ́n wa ní òun kò lè gbọ́ èyí tí kò bá ní ariwo yẹn mọ́, pé bí ẹni jẹ ẹ̀wà láìsí iyọ̀ ló máa ń rí lẹ́nu òun.

Ibi tí Akinla gbà lẹ́yìn ìyẹn á yà yín lẹ́nu. Ọkùnrin kan wà ní Kánádà tó ń jẹ́ Clyde Gilmour. Iṣẹ́ tirẹ̀ kò ju kó kó àwo orin jáde láti inú àwo tó kó jọ sílé, kó gbé wọn sórí rédíò CBC, kó sì sọ ìtàn ọ̀kọ̀ọ̀kan fún àwọn olùgbọ́. Ètò náà ń jẹ́ Gilmour's Albums. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 1956, kò sì parí títí di 1997. Orin wo ló fi ń ṣí ètò rẹ̀? Akinla! Fún nǹkan bí ogójì ọdún, ní orílẹ̀-èdè tí yìnyín ti ń bọ́, orin háílíìfù tí ọmọ Yorùbá gbé lé fáólìn ló ń sọ fún àwọn èèyàn pé ó ti tó àkókò láti jókòó gbọ́ orin. Ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ orin náà lórí bí ẹ ṣe mọ orin ìpolówó Indomie. Ìyẹn ni ohun tí àwo kan lè ṣe bó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ràn àtifi orin hàn.

Èkejì ni ti Chicago. Paul Freeman, adarí orin tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, ló ṣe é. Ọkùnrin yẹn fi ayé rẹ̀ ṣe iṣẹ́ yìí. Ní àwọn ọdún 1970, òun ló darí ọ̀wọ́ àwo tí Columbia gbé jáde fún orin àwọn aláwọ̀ dúdú, Sowande sì wà nínú wọn. Ní 1987 ó dá Chicago Sinfonietta sílẹ̀, nígbà tó sì di ọdún 2000, ó tún gba orin Sowande sílẹ̀ pẹ̀lú wọn. Èyí lọ̀rẹ́ mi aláàtò ti ń gbọ́ láti ọdún méjì sẹ́yìn. Ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n wé ara wọn ló tó mọ̀ pé apá mẹ́ta nínú márùn-ún ló wà lórí síídì náà. Ó kọ ọ́ sí wa pé, "Háà! Gbogbo bí mo ṣe ń fẹnu yọ ọ́ fún yín, mi ò tíì gbọ́ ọ tán!" Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹni tó bá gbọ́ ẹyọ kan kò lè mọ ohun tó ṣẹ́ kù. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ṣe àfiwé.

Ẹ̀kẹta ni fídíò. Oṣù kẹjọ ọdún 2021 ni, ní Royal Albert Hall, níbi ayẹyẹ orin tí BBC ń pè ní Proms. Ẹgbẹ́ olórin Chineke! ló ṣe é. Chi-chi Nwanoku ló dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ ní 2015. Ọmọ Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀, àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn ẹ̀yà kéékèèké ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ta fáólìn níbẹ̀. Ó lé ní ọdún 70 lẹ́yìn tí Sowande kọ orin yìí ní London kan náà.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Mi ò bínú sí ará London, mi ò bínú sí ará Chicago. Ẹni tó bá bá wa gbé ẹrù, ọpẹ́ là ń dá fún un. Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹrù wa ni, àwa la sì jókòó tí à ń wò wọ́n.

Ọwọ́ àbí ọwọ̀?

Ẹnì kan lè ní, "Ó dáa náà, kí ló wá burú tó bá jẹ́ òkè òkun ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀? Ṣebí orin lorin." Ẹ jẹ́ kí n mú yín padà sẹ́yìn díẹ̀ síi.

Ní 1905, ọdún kan náà tí wọ́n bí Sowande, Samuel Coleridge-Taylor tẹ ìwé orin dùùrù kan jáde. London ni wọ́n bí i, dókítà ọmọ Sàró ni bàbá rẹ̀. Orin 24 ló wà nínú ìwé náà, orin àwọn aláwọ̀ dúdú láti ibi gbogbo. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ orin Yorùbá. Ẹni tó mú un dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Victoria Randle, ìyàwó Dókítà John Randle ti Èkó, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ gbọ̀ngàn àṣà Yorùbá tó wà ní Oníkàn lónìí. Kò sí fóònù, kò sí WhatsApp. Etí obìnrin kan ló gbé orin náà kọjá òkun.

Oloba ni wọ́n kọ sórí orin náà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: lẹ́tà márùn-ún, kò sí àmì ohùn, kò sí àmì abẹ́ ọ. Nígbà tí a gbé e dé gúrúùpù wa, ìjà dé. Ẹnì kan ní "ọlọ́ba" ni. Ẹlòmíràn ní rárá, pé orúkọ èèyàn ni. Ẹ̀gbọ́n wa wá jókòó sídìí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ ní Mafolúkù, ó ń tẹ orin náà díẹ̀díẹ̀, ó ń fi ọ̀rọ̀ oríṣiríṣi bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó ń fi fóònù gbà á sílẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. Kò sí ará Boston kan tó lè ṣe irú àfiwé yẹn. Àwọn á fi bí ọwọ́ ṣe yára wé ara wọn. Àwa ń gbọ́ ohun tí orin náà ń sọ.

Ṣé ẹ rí i, ohùn Yorùbá ti jẹ́ orin tẹ́lẹ̀ kí olórin tó fọwọ́ kàn án. Ẹ wo ọwọ́, èyí tí a fi ń jẹun, àti ọwọ̀, èyí tí a fi ń gbálẹ̀. Ohùn tó gbẹ̀yìn nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì túmọ̀ orin ìsìn sí Yorùbá, orin òyìnbó náà ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Níbi tó yẹ kí ohùn gòkè, orin á ní kó sọ̀kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ Ọlọ́run á ṣe di ọwọ̀ Ọlọ́run láàárín ìjọ. Àwọn bàbá wa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ekundayo Phillips jà fún un pé orin gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀, ó sì kọ ìwé kan lé orin Yorùbá lórí tó jáde ní 1953.

Kí ìwé yẹn tó jáde, ẹnì kan ti fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe é. Josiah Jesse Ransome-Kuti, àlùfáà ní Abẹ́òkúta, bàbá-bàbá Fẹlá tí gbogbo wa mọ̀. Òun máa ń fi orin ilẹ̀ wa gbé ọ̀rọ̀ ìyìn Ọlọ́run. Ní 1922, nígbà tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó kọ orin tó lé ní ogójì sínú àwo Zonophone ní London. Ẹ ro bó ṣe rí nígbà náà: kò tíì sí gbohùngbohùn oníná. Ìwo ńlá kan ló wà níwájú rẹ, ìwọ á kọrin sí i lẹ́nu, ìró ohùn rẹ á mú kí abẹ́rẹ́ kan máa gbọ̀n lẹ́yìn ìwo, abẹ́rẹ́ náà á sì máa fa ilà sórí ìda tó ń yí. O kò lè ṣe àṣìṣe, nítorí kò sí bí wọ́n ṣe lè gé e kúrò. Ojú kan àwo kò sì ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin lọ. Bàbá yẹn ṣe é lé ní ogójì ìgbà.

Ìwé lè sọ nóòtì fún wa. Ọ̀fọ̀ ohùn, ibi tí ẹnu ti fà á díẹ̀, ibi tó ti gbọ̀n, ibi tí ìlù ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu akọrin, àwo nìkan ló lè pa ìyẹn mọ́.

Orin láìsí ọ̀rọ̀

Mo fẹ́ sọ ìtàn kékeré kan nílé wa. Akin Euba, ọmọ Èkó tí wọ́n bí ní 1935, tó sì di olóògbé ní Amẹ́ríkà ní 2020, gbà pé èèyàn lè tẹ dùùrù bí ẹni ń lu ìlù. Ó kọ orin mẹ́ta kan tó pè ní Three Yoruba Songs Without Words, orin Yorùbá tí kò ní ọ̀rọ̀. Ní 2022, Rebeca Omordia, atẹ-dùùrù tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Romania, gbé wọn jáde nínú àwo rẹ̀ tó ń jẹ́ African Pianism.

Mo ń gbọ́ ọ lórí sípíkà ní pálọ̀ wa ní Ìsọlọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ìyá mi àgbà jókòó, wọ́n ń já ewédú. Mi ò sọ nǹkan kan fún wọn. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, wọ́n gbórí sókè, wọ́n ní, "Kí ni dùùrù yẹn ń wí?"

Wọn kò sọ pé ó dùn. Wọn kò sọ pé kò dùn. Kí ló ń wí? Bí èèyàn ṣe ń béèrè nípa dùndún ni wọ́n ṣe béèrè nípa dùùrù. Mo fi ìbéèrè yẹn ránṣẹ́ sí gúrúùpù, ẹ̀gbọ́n wa sì dáhùn pé, "Ìyá àgbà ti borí gbogbo wa."

Omordia yìí náà ló jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbọ́ Ayo Bankole. Ọdún 1935 ni wọ́n bí òun náà. Ó kàwé ní Guildhall ní London, ó dé Cambridge, ó padà wálé wá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní Yunifásítì Èkó. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1976, wọ́n pa òun àti ìyàwó rẹ̀. Ọmọ ọdún 41 péré ni. Orin rẹ̀ wà nínú àwo tí Omordia pè ní Ekele, tó jáde ní 2018. Ọdún 42 lẹ́yìn ikú ọkùnrin yẹn ni mo tó gbọ́ ohun tó ní lọ́kàn, mo sì fi earpiece gbọ́ ọ ní Òṣòdì, níbi tí kọ̀ndọ́kítọ̀ ti ń pe "Ìyànà-Ìpájà wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!"

Fóònù mi

Ó ti tó àkókò kí n sọ ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ di fóònù yín mú.

Bàbá kan wà tó jẹ́ adarí kúáyà ní ṣọ́ọ̀ṣì kan nítòsí wa. Bàbá yìí kọ orin tirẹ̀, orin Yorùbá fún kúáyà, ọ́gáànù àti dùndún. Sólfà ló fi kọ ọ́, sínú ìwé eléwé ogójì tí àwọn ọmọ iléèwé ń lò, bí ọ̀pọ̀ adarí kúáyà wa ṣe máa ń ṣe. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan nínú oṣù Kejìlá, wọ́n kọ ọ́. Ìṣẹ́jú méje ni. Mo jókòó sí ìlà kejì, mo fi fóònù mi gbà á sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn ìsìn, Bàbá pè mí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé ó bọ́ síbẹ̀ dáadáa?" Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ó bọ́ síbẹ̀, sà. Màá fi ránṣẹ́ sí yín lọ́la."

Ní ọ̀la yẹn, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nínú dánfó lábẹ́ bíríìjì Òṣòdì. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí WhatsApp kí n fi orin náà ránṣẹ́ ni ọwọ́ kan wọlé láti ìta. Ó ti tán. Kí n tó ké, ẹni náà ti wọ àárín èrò.

Mo ra fóònù mìíràn. Ti fóònù rọrùn. Nígbà tí òjò ọdún tó tẹ̀lé e dáwọ́ dúró, Bàbá re ibi àgbà ń rè.

Nígbà tí kúáyà fẹ́ kọ orin náà níbi ìsìn ìrántí wọn, wọ́n gbé ìwé eléwé ogójì náà jáde. Gbogbo sólfà wà níbẹ̀, ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n láàárín ojú ewé karùn-ún, ibi tí gbogbo kúáyà ti dákẹ́, ọ̀rọ̀ méjì péré ni Bàbá kọ: ìlù wọlé. Ohun tí ìlù sọ níbẹ̀, kò sí lórí ìwé. Ẹnu ni Bàbá fi sọ ọ́ fún onílù. Onílù ti kó lọ sí Ìkòròdú. Nígbà tí a rí i, ó lù ú fún wa. Àwọn tẹnọ̀ ní bẹ́ẹ̀ náà ni, àwọn sòpúránò ní bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ẹ ò rí i pé ìbéèrè tí mo bi gúrúùpù wa lábẹ́ bíríìjì yẹn, orí ara mi ló padà bọ́ sí? "Ti Èkó ńkọ́?" Ti Èkó wà. Mo gbà á sílẹ̀. Èmi ni mo gbé e dání, ọwọ́ mi ló ti bọ́.

Ohun tí a ṣe nìyí. A kó gbogbo wọn jọ sínú yàrá kúáyà ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan. A ní kí onílù lu ohun tó rántí. A gbà á sílẹ̀. A ní kí àwọn sòpúránò fi ẹnu sọ ohun tí àwọn rántí, kí onílù sì fi ìlù sọ ọ́. A gba ìyẹn náà sílẹ̀. A fi méjèèjì ránṣẹ́ sí àkọ́bí Bàbá obìnrin. Ó gbọ́ wọn, ó dákẹ́ fún ọjọ́ méjì, ó wá kọ ọ́ pé ẹlẹ́ẹ̀kejì ni, nítorí pé oríkì ìyá Bàbá ló wà nínú rẹ̀, òun sì máa ń gbọ́ bí bàbá òun ṣe ń fi ẹnu pè é tí wọ́n bá ń fá irùngbọ̀n láàárọ̀.

Oríkì ìyá wọn! Gbogbo wa jókòó nínú ìsìn yẹn ní oṣù Kejìlá, kò sẹ́ni tó mọ̀.

Láti ìgbà náà, gúrúùpù wa ní òfin. Bí o bá gba orin kan sílẹ̀, ní ṣọ́ọ̀ṣì o, ní mọ́sálásí o, níbi ìnáwó o, o kò gbọdọ̀ sùn kó tó dé ọwọ́ ẹni méjì mìíràn. O kò gbọdọ̀ fi orúkọ tí fóònù fún un sílẹ̀. Kọ orúkọ orin, orúkọ ẹni tó ni ín, ibi tí wọ́n ti ṣe é, ọjọ́, àti ẹni tó lu ìlù. Bí ṣọ́ọ̀ṣì méjì bá kọ orin kan náà, wá méjèèjì, ká lè fi wọ́n wé ara wọn. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Àwọn bàbá wa pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Èyí tó wà lọ́wọ́ wa ń gba èsì o. Bí ẹ bá ní orin kúáyà kan lórí fóònù yín, yálà ti Ìsọlọ̀, ti Òṣòdì, ti Ẹ̀jìgbò tàbí ibikíbi tí ẹ bá wà, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan kẹ́ ẹ tó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ẹ wá kọ orúkọ ẹni tó ni ín sí abẹ́ ètò yìí fún wa, ká lè bá yín gbọ́ ọ.

Ó dìgbà kan ná. Ẹ gbé fóònù yín kúrò lẹ́bàá fèrèsé.